Ta Ni Yóò Wẹ Màmá?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún 1991, ẹbí pé jọ sí pálọ̀ Bọ̀dá Gbémiga ní Tudun Wada. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Màmá wọn dùbúlẹ̀. Ọsibítù Wusasa ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, ó sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ó ku ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ni Bọ̀dá Gbémiga ti yan ọmọbìnrin rẹ̀, Tiwátọ́pẹ́, tí ìdánwò àṣekágbá girama rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìpàdéọlá, àbúrò Bọ̀dá Gbémiga, rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni, olùkọ́ ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe nínú ilé láìgba kọ́bọ̀ ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá fi ìwé sílẹ̀ nítorí aláìsàn kì í sábàà padà sídìí rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ má yọ ọmọ yìí kúrò níléèwé. Mà á gba olùtọ́jú, mà á sì máa san owó rẹ̀."

"Hàbà! Kí àlejò máa wo ìhòòhò ìyá wa? Màmá fúnra wọn ti láwọn ò gbà."

Rose, ìyàwó Bọ̀dá Gbémiga, tètè fọhùn. "Ẹ má wò mí o, Àǹtí. Bí mi ò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí la ó jẹ?"

Bọ̀dá Gbémiga rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Dókítà ilé ìdáná! O ní iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ ilé. Ó dáa, iṣẹ́ rèé nílẹ̀. Ṣé ìwé rẹ ni yóò wẹ Màmá ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìpàdéọlá wọ eegun. Kó tó fèsì, ohùn Màmá dún láti yàrá: "Ẹ gbà mí o. Abẹ́ mi ti tutù."

Tiwátọ́pẹ́ fò dìde.

"Jókòó," ni Ìpàdéọlá wí.

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó jókòó sí etí àga. Màmá tún pè. Rose tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo àbúrò, àbúrò ń wo ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde ni wọ́n ń dúró dè.

"Ṣé gbogbo yín ti lọ ni?" Ohùn Màmá ti ń gbọ̀n.

Ojú ti Ìpàdéọlá. Ìyá òun ni òun ń fi jà yìí! Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó wọlé. Ó di Màmá mú ní èjìká, ó fà á. Màmá kérora.

"Rọra, ọmọ mi. Apá yẹn ti kú. Ẹ̀yìn ni kí o ti gbé mi."

Ó gbìyànjú, agbára rẹ̀ kò ká a.

"Bọ̀dá," ó pè, kò pariwo. "Ẹ wá gbé Màmá lẹ́yìn. Èmi ni yóò wẹ̀ wọ́n. Ẹ lè di ojú yín."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Bọ̀dá Gbémiga wọlé, ó dijú pinpin, ó sì ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Gbémiga," ni Màmá wí, "ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́ lo gbé dání yẹn o. Má jù ú sílẹ̀."

"Mi ò ní jù ú sílẹ̀, Màmá." Ó yíjú síbi tí àbúrò rẹ̀ wà. "Lọ́la ńkọ́?"

"Èmi láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin àti Rose lálẹ́."

"Ọ̀sán ńkọ́?"

Ìpàdéọlá fún tówẹ̀lì sínú bésìn. Ọ̀sán ni kò tíì rí ojútùú sí. "A ó jọ wá a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Tiwátọ́pẹ́."

Bọ̀dá Gbémiga gbé Màmá dání títí omi fi gbẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ojú dídì, ó kígbe sí pálọ̀: "Tiwátọ́pẹ́! Lọ aṣọ iléèwé rẹ o. Ọ̀la ni Mọ́ńdè."