Bàbá Rẹ́gí àti Òdòdó Ìyá Wọn

Onígbàjámọ̀ kan wà, Bàbá Rẹ́gí ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Bó bá ti gé irun oníbàárà tán, tó nu ọrùn rẹ̀, á sún sẹ́yìn díẹ̀, á di ojú kan, á ní, "Ó ṣe rẹ́gí!" Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Ẹnu rẹ̀ ni wàhálà. Kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Béèyàn bá ti ní "mo fẹ́," òun á ti ní, "O fẹ́ kí n gé ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, mo mọ̀." Nínú ọ̀rọ̀ irun, ó sábà máa ń mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ṣì í.

Nígbà tí àkọ́bí wọn obìnrin bímọ, ìyàwó rẹ̀, Ìyá wọn, di ẹrù, ó ní òun ń lọ bá a gbé ọmọ fún oṣù kan. Ìrìn wákàtí márùn-ún ni nínú ọkọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó nawọ́ sí òdòdó rẹ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀. Haibiskọ́ọ̀sì ni, ìbátan ìṣápá, òdòdó pupa rẹ̀ máa ń fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Inú ìkòkò ló wà, ó sì ti ń wá ọ̀nà dé àjà.

"Bàbá wọn, ẹ má jẹ́ kó ga ju fèrèsé lọ o. Àmọ́..."

"Mo ti gbọ́," ni Bàbá Rẹ́gí wí. "Kí niṣẹ́ mi, ìwọ obìnrin yìí? Ṣé gígé ni mi ò mọ̀ ni?"

Ẹni tó bá ti gbéyàwó mọ̀ pé lẹ́yìn "àmọ́" ni ọ̀rọ̀ gan-an máa ń wà. Ìyá wọn pa ẹnu dé, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Bàbá Rẹ́gí gbé ìkòkò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé, ó gbé e sójú fèrèsé kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa tó o. Gbogbo Sátidé, kó tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, á fi àlùmọ́gàjí gé e yípo. Ewé tó bá ti yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó di ilẹ̀. Kò tó oṣù méjì tí igi náà fi rí roboto bí orí ọmọ iléèwé tó fẹ́ lọ ya fọ́tò. Kò ga, kò fẹ̀, kò sí ewé kan tó ṣe agídí. Kò kàn tanná ni.

Oṣù kan Ìyá wọn di méjì, méjì di mẹ́ta. Bí Bàbá Rẹ́gí bá pè é pé ìgbà wo ló ń bọ̀, á ní, "Òdòdó mi ńkọ́? Ṣé ó ti tanná?"

"Kò tíì tanná, ṣùgbọ́n bí o bá rí bó ṣe..."

"Ọjọ́ tó bá tanná, ẹ pè mí." Á sì pa fóònù.

Ọmọ wọn tó bímọ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. "Bàbá, ẹ má bínú o. Màámi ní àwọn ò tíì mọ̀ bóyá àwọn máa padà. Wọ́n ní ibí ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀ tán."

Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Rẹ́gí gé irun èèyàn méje, kò sọ "ó ṣe rẹ́gí" lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù bà á. Ilé tí èèyàn méjì ti jọ gbé fún ọgbọ̀n ọdún kò ṣeé dá gbé.

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú ọgbà ọsibítù, tó máa ń wá gérun ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lọ́jọ́ tó tún wá, Bàbá Rẹ́gí tọ́ka sí fèrèsé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ewé, kí ló dé tí èyí ò tanná?"

Olùtọ́jú ọgbà wò ó nínú dígí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo..."

"Ẹ ò rí i? Ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Bàbá Rẹ́gí pa kílípà, ó pa ẹnu òun náà mọ́.

"Orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń rudi," ni ọkùnrin náà wí. "Gbogbo Sátidé lẹ ń gé ibi tí òdòdó fẹ́ gbà jáde. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kéré, kó sì tanná, ẹ gé e wọlé dáadáa lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ sókè ojú ibi tí ewé ti ń yọ. Ẹ má gbé e sínú ìkòkò ńlá. Bí gbòǹgbò bá ti ráyè, orí náà á fẹ́ bá a dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ káwọ́ kúrò lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Béèyàn bá fi sùúrù pa èèrà..."

Ó dúró, ó ń wo Bàbá Rẹ́gí. Bàbá Rẹ́gí ń gbọn irun kúrò lára kílípà.

"...á rí ìfun rẹ̀," ni olùtọ́jú ọgbà bá parí ẹ̀.

Olùtọ́jú ọgbà náà ló bá a gé e, torí bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó mú ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò. Kò pẹ́ tí ẹ̀ka tuntun fi ń yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan kọjú sí dígí bí ẹni tó fẹ́ ya irun. Àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí baba gbádùn. "Bàbá Rẹ́gí, ta ló gérun fún ẹni tó jókòó sójú fèrèsé yìí? Ẹ má gé tèmi bẹ́ẹ̀ o!" Á bá wọn rẹ́rìn-ín, ọwọ́ á sì máa yún un.

Lọ́sẹ̀ keje, ọwọ́ borí. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ní kóun tún ṣe, kó má baà gún èèyàn lójú. Ìgbà tó gé e tán, tó mú un dání, ló rí ìrudi kékeré lórí rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó jókòó sórí àga oníbàárà. Ó dùn ún wọra. Ó ń ro gbogbo ohun tí Ìyá wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ láti ọgbọ̀n ọdún, tóun gé mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì mọ ibi tí ẹyọ kan ń lọ.

Lọ́sẹ̀ kọkànlá, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó bá òdòdó pupa kan tó ti là. Ó pe Ìyá wọn, kò gbé e. Ó ti gé irun oníbàárà kan dé ìdajì kí fóònù tó dún.

"Ó ti tanná," ni Bàbá Rẹ́gí wí.

"Lóòótọ́? Mélòó?"

"Ẹyọ kan."

Ìyá wọn bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun tóun fẹ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà ni pé, àmọ́, kó má gé e ní gbogbo ìgbà. Látibẹ̀ ó bọ́ sórí ọmọ tuntun tó ti ń dá jókòó. Ó bọ́ sórí iṣẹ́ búrẹ́dì ṣíṣe tóun fẹ́ kọ́ nígbà kan, tí Bàbá Rẹ́gí ní òun ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, tí kò sì mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ sórí ọdún tí ìyá òun kú. Oníbàárà gbọ́wọ́ lé orí, apá kan ti fá, apá kan ṣì kún. "Bàbá Rẹ́gí, orí mi o!" Bàbá Rẹ́gí na ìka kan sí i pé kó ṣe sùúrù.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" ni Ìyá wọn béèrè.

"Mo wà."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan."

"O ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Bàbá Rẹ́gí gbọ́ tí ọmọ ń ké lọ́hùn-ún, tí ẹnì kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Òdòdó yẹn á ti rọ kí n tó dé lọ́la," ni Ìyá wọn wí. "Ọjọ́ kan péré ló ń lò."

Bàbá Rẹ́gí wo fèrèsé. Ìrudi mẹ́rin ló wà lẹ́yìn èyí tó là, ó sì ti la ẹnu láti sọ ọ́. Àmọ́ ó gbọ́ tí Ìyá wọn mí sínú, bí ẹni tó ṣì lọ́rọ̀ láti sọ. Ó pa ẹnu dé, ó dúró dè é.