Orúkọ Tó Wà Nínú Orin Raymond

Inú kòtò èédú ni èmi àti Raymond Sugden ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wá nígbà tí a kọ́kọ́ wọ inú ilẹ̀ lọ ní Askerby, ìlú kékeré wa ní Yorkshire. Tí a bá ti ibẹ̀ jáde, tí a sì wẹ̀ tán, a ó lọ sí gáréèjì bàbá mi. Òun á máa ta gìtá, á máa kọrin, èmi Colin á máa lu ìlù fún un. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, àfi bí ẹni pé eruku èédú kò kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ rí, ohun tí àwọn èèyàn sì fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn. Láti ilé ọtí kan sí òmíràn ní Leeds àti Sheffield, a rìn ín títí a fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo orin tí a ń kọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù méjì àkọ́kọ́ kò rìn. Ìkẹta ni ayé gbọ́.

Orin kan ṣoṣo ló gbé e dé ibẹ̀. "Askerby" ni ó pè é. Lọ́dún 1968, gáàsì gbaná nínú kòtò wa, ó pa ọkùnrin méje. Stanley, ẹ̀gbọ́n Raymond, wà nínú wọn. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ó yẹ kí ẹnì kan ti lọ yẹ gáàsì wò kí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ tó wọlé, pé ẹni náà kò sì débẹ̀. Arnold Hepworth, ọ̀gá wa nínú ilẹ̀, dìde níwájú wọn, ó ní òun ni. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Raymond wá fi orúkọ rẹ̀ sínú ẹsẹ kẹta orin náà, ó sì bi í léèrè bóyá ó ṣì ń rí oorun sùn.

Kò sí ibi tí wọn kò ti kọ orúkọ yẹn ní ilẹ̀ England. Ní Askerby, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ́ fèrèsé ilé Hepworth. Bó bá wọ ilé ọtí, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ á gbé ife wọn, wọ́n á lọ jókòó síbòmíràn. Nígbà tó yá, kò jáde mọ́. Èmi náà lu ìlù sí orin yẹn ní ìlú bí ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ mi kò sì wúwo rí.

Lọ́dún 1975 a padà wálé láti wá ṣeré ní gbọ̀ngàn àwọn awakùsà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Àwọn oníṣẹ́ rédíò wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé eré náà sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ. Kò sí àyè ẹsẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà. A jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pèpéle, ìyá àgbà kan ń bu tíì fún wa.

Ó bi Raymond pé, "Ìgbà wo lo fẹ́ gé irun yìí? Nígbà tí mo rí ẹ̀yìn ẹ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kí n kí ẹ ní màdáámù."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Enid Hepworth wọlé. Ọmọ Arnold ni, kíláàsì kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó sí nílé ìwé. Kò bọ́ kóòtù òjò tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá onítíì náà wò ó, ó gbé ìkòkò tíì rẹ̀, ó bá ibòmíràn lọ. Raymond ní kó jókòó. Ó ní òun kò ní jókòó, òun kò sì bá tìjà wá. Ó mú ìwé pélébé kan jáde nínú àpò, ó nà án sí i.

"Kà á."

Ojú ewé kan ni, tí wọ́n fà ya nínú ìwé tí àwọn tó ń yẹ gáàsì wò máa ń kọ ìròyìn wọn sí. Ọjọ́ tí kòtò gbaná ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun ti yẹ gbogbo ibẹ̀ wò ní aago márùn-ún àárọ̀, kò sí gáàsì. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ wà: W. Sugden.

Walter Sugden ni bàbá Raymond, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yẹ gáàsì wò nígbà náà ni. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé kò sí pé bóyá wọ́n yí ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni lẹ́tà bàbá rẹ̀ ń bá a ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn.

Enid ní, "Inú dúrọ́ọ̀ bàbá mi ni mo ti rí i lánàá. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ló fà á ya kí ìgbìmọ̀ tó rí i. Wọ́n ní kí n dá a padà síbi tí mo ti mú un. Wọ́n ní ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ ẹ̀, kò yẹ kéèyàn tún wá sọ fún un ní gbangba pé òun ló pa á."

Raymond kò gbé ojú sókè. "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ lo mọ orin kọ."

Ó jáde lọ, ó lọ dúró sí ìparí gbọ̀ngàn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Raymond ní kí n lọ pe bàbá òun wá. Ìlà iwájú pátápátá ni mo ti rí i, ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń bá àwọn èèyàn bọwọ́. Ó tẹ̀ lé mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tó dé yàrá náà, Raymond ti ìwé yẹn sún síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá náà mú awò ojú rẹ̀ jáde lápò, ó fi í sójú, ó ka ìwé náà, ó tún ká awò náà, ó sì dá a padà sápò. Àwọn èèyàn ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ nínú gbọ̀ngàn pé eré ti pẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ wọ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Orúnkún ń dùn mí," ni bàbá náà wí. "Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, èèyàn sì gbọ́dọ̀ rákò. Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí nǹkan kan rí. Mo jókòó, mo kọ ọ́ síwèé. Stanley kí mi bó ṣe ń wọlé lọ. Ó ní kí n tètè lọ sinmi."

"Ẹ sì jókòó, ẹ ń gbọ́ orin yẹn fún ọdún mẹ́ta."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kí Arnold la ẹnu. Kò là á. Èmi náà ò wá mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ rédíò yọjú, ó ní àwọn ti wà lórí afẹ́fẹ́. A jáde. Bàbá náà padà sí àga rẹ̀.

A kọ orin mẹ́fà. Ohùn Raymond kò yẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá àwọn èèyàn ṣàwàdà bó ṣe máa ń ṣe láàárín orin. Láti orin kejì ni wọ́n ti ń pariwo pé "Askerby" ni àwọn ń fẹ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó fò ó. Ó yíjú sí mi, ó fi orí ṣàpẹẹrẹ kí n máa lù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A kọ ẹsẹ kìíní. A kọ ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, Raymond fi ọwọ́ bo okùn gìtá. Èmi náà dáwọ́ dúró.

Àwọn èèyàn rò pé ó fi í sílẹ̀ fún àwọn ni. Wọ́n bá a kọ ọ́. Ohùn bí irínwó ló pe Hepworth lẹ́ẹ̀kan náà, Enid sì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbẹ̀.

"Ẹ dákẹ́," ni Raymond sọ sínú makirofóònù. Ó tó ìgbà mẹ́ta kí wọ́n tó dákẹ́. "Irọ́ lorúkọ yẹn. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Kì í ṣe Hepworth."

Ọkùnrin kan bi í láti àárín èrò pé, "Ta wá ni, Ray?"

Raymond yíjú sí ìlà iwájú, níbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. Mo rí i pé kò lè pe orúkọ náà, bó ti wù kó rí. Ibẹ̀ ni Walter Sugden ti dìde. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó kọjú sí àwọn èèyàn.

"Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ibi tó jókòó sí, aago tó lù, ohun tó kọ. Kò dárúkọ orúnkún. Ìyáàfin Lumb, tí ọkọ rẹ̀ kú sínú kòtò, jókòó ní àga kejì sí i. Nígbà tó dìde, gbogbo wa rò pé yóò gbá a létí. Ó mú báàgì rẹ̀, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá láìwò ó, ó jáde. Àwọn yòókù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Walter lọ sílé Hepworth. Èmi àti Raymond ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn nínú òjò. Arnold fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ ọ lórí rédíò.

"Walter, ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?" ni ó béèrè.

Walter bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. Raymond bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọkùnrin náà. Hepworth gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá ẹ lè wọlé. Ìwọ, mi ò tíì lè wo ojú ẹ."

Ó mú Walter lápá wọlé, ó sì tilẹ̀kùn.

Walter kò lè gbé Askerby mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Scarborough, ibẹ̀ ló kú sí. Raymond kò kọ orin yẹn mọ́ láé, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè gbà á padà lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n ṣì ń lù ú lórí rédíò, wọ́n ṣì ń pariwo pé kó kọ ọ́ níbi tí a bá lọ. Bó bá kọ̀, àwọn mìíràn á ju agolo bíà lù wá. Ó kọ rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́rin sí i. Kò tún pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Lọ́dọọdún, nígbà tí àyájọ́ ọjọ́ tí kòtò gbaná bá pé, ó máa ń wakọ̀ wá láti Lọ́ńdọ̀nù, á lọ kan ilẹ̀kùn Hepworth. Lọ́dún kìíní àti ìkejì, wọn kò ṣí i. Lọ́dún kẹta, Enid jáde sí i, ó ní bàbá òun ní kó máa wọlé, ṣùgbọ́n kó fi gìtá sínú mọ́tò. Ẹyẹlé tí Hepworth ń sìn ni àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.