Ẹ̀ẹ̀kan, Kí Ọkọ̀ Dúró

Kò sí ará Hausari, àdúgbò wa ní Màídúgùrì, tí kò mọ òfin lọ́rí bàbá wa. Bí o bá gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ìdí. Bí o bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó lè máa lọ. Gbogbo ọlọ́kọ̀ ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ti bàbá wa le ju ti ẹlòmíì lọ. Ì báà ṣe bàtà lásán ló já bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn, yóò dúró. Ó máa ń ní ẹni tó wà lẹ́yìn lè mọ ohun tí ẹni tó wà níwájú kò mọ̀.

Làtíì ni orúkọ rẹ̀, àwọn Hausa a máa pè é ní Malam Lati. Láti ìgbà tí Màídúgùrì ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ ló ti ń fi lọ́rí kó ẹja gbígbẹ àti ọkà. Ọdún tó gbẹ̀yìn tí mo lò ní Yunifásítì ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó lè pè: Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ kú sílé, kí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mùsùlùmí sì ni wá, a kì í gbé òkú rìnrìn àjò. Ibi tí ẹ̀mí bá ti bọ́ ni wọn yóò sin ín sí. Láàyè ló gbọ́dọ̀ délé.

Jàáfárù àbúrò mi ní òun yóò fi lọ́rí gbé e lọ. Ohun tó bá ti yá ni Jàáfárù mọ̀, kò mọ ohun tó dára. Ó ní ọkọ̀ náà ń wọ́ rìn, ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún pọ́ǹpù epo ṣe, wọ́n ṣí i kí epo dísẹ́ẹ̀lì máa wọ ẹ́ńjìnnì ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́rí bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi ràkúnmí, èéfín dúdú bo gbogbo àdúgbò. Inú ọ̀gbẹ́ni dùn.

Kò pẹ́ tí púlì iwájú ẹ́ńjìnnì fi bàjẹ́. Púlì yìí ló wà ní imú kiráńkì, ìyẹn ọ̀pá irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Irin méjì ni, rọ́bà wà láàárín wọn, rọ́bà náà ti là. Wọ́n ní kí a dúró de irú rẹ̀ gan-an láti Kano, yóò tó ọ̀sẹ̀ kan. Jàáfárù gba Monday Market lọ, ó gbé òmíràn dé tí wọ́n fi irin lásán rọ, tó ń dán yinrinyinrin.

Ságẹ́ǹtì Tìmẹ́hìn, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń tún ọkọ̀ ológun ṣe ní bárékè, ló máa ń bá bàbá wa tọ́jú lọ́rí náà. Ó gba púlì yìí wò, ó dá a padà. Ó ṣàlàyé pé kiráńkì máa ń gbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, rọ́bà yẹn ló ń gba ìgbọ̀n náà mọ́ra. Bí rọ́bà kò bá sí, kiráńkì ni yóò jẹ gbogbo ìyà rẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n ti fi epo ru ọkọ̀ sókè.

"Jàáfárù, dúró de ti Kano."

"Ẹ̀gbọ́n, irin ni gbogbo rẹ̀. Kí ni yóò là nínú irin? Bàbá ò ní ọ̀sẹ̀ kan."

Tìmẹ́hìn kò fọwọ́ kàn án. Jàáfárù fúnra rẹ̀ ló dè é. Mo bá a jà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà pé Bàbá ní ọ̀sẹ̀ kan?

A tẹ́ Bàbá sẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, lórí pákó tí òun fúnra rẹ̀ kàn láti máa fi sùn lójú ọ̀nà. Mo jókòó ti Jàáfárù. Ká má parọ́, ọkọ̀ sáré. A kọjá Benisheikh, a kọjá Damaturu, Bàbá ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, Ọlọ́run mọ̀.

A ti fi Potiskum sẹ́yìn nígbà tí Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá irin ẹ̀yìn wa. Ẹ̀ẹ̀kan. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan lára ọkọ̀ yàtọ̀ sí igbe rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Bàbá ló wà lórí pákó, ó sì ti fi ẹ̀yìn yẹn mọ ìgbọ̀n lọ́rí náà tipẹ́. Mo ní kí Jàáfárù dúró.

"Àǹtí, ọwọ́ àìsàn nìyẹn," ó wí. "Bàbá ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Ilé ló ń wù ú."

Bàbá tún gbá a lẹ́ẹ̀kan. Mo bojú wẹ̀yìn. Ojú ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni mo rí. Mo pariwo mọ́ Jàáfárù, mo bú u, mo fa aṣọ rẹ̀. Ó tún tẹ epo mọ́lẹ̀ sí i. Ọmọ tó ti mọ òfin yẹn kó tó mọ Fátíhà kà ni o.

Ẹ́ńjìnnì dún gbàà, ohun kan fọ́ wómúwómú nínú rẹ̀, ọkọ̀ dúró. Ọ́ìlì dúdú ń ṣàn lórí títì. Jàáfárù wọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbé púlì jáde, imú kiráńkì tó kán wà nínú rẹ̀. Púlì náà kò là rárá. Ó ṣì ń dán.

A gbé Bàbá sábẹ́ ibòòji lọ́rí. Ọkọ̀ tó ń kọjá kò tó nǹkan, èyí tó kọjá kún fọ́fọ́. Mo ń fún un lómi, omi ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Kó tó di àkókò ìrun Àsárì, ó ti dákẹ́.

Àwọn ará abúlé kan nítòsí sáré wá, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fún wa ní aṣọ funfun, wọ́n kírun sí i lára. Èèyàn rere ni wọ́n. Síbẹ̀ mo ní láti bèèrè orúkọ abúlé tí wọ́n fẹ́ sin bàbá mi sí, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí láyé. Ọkàn mi bàjẹ́ débi pé n kò rí ẹkún sun. Wọ́n gbé e sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù kan, Jàáfárù gòkè tẹ̀ lé e. Obìnrin kì í bá wọn dé ibojì, nítorí náà mo dúró ti ọ̀nà.

Táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí nígbà tí Jàáfárù gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Awakọ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó yọrí, ó bèèrè ní Hausa pé kí ló ṣẹlẹ̀. Jàáfárù jókòó ti òkú, ó ń wo ojú ọ̀nà tí ìbá gbé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wọn dúró dè é. Oòrùn sì ti ń lọ.

Mo rìn lọ bá wọn. Mo gbá ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.