Iná Tí Mo Pa Lójú Ìyá Mi

Èmi ò mọ sùúrù ṣe. Bí mo bá gbé omi kaná, kó tó hó, mo ti ṣí ìdérí wò ó láìmọye ìgbà. Ẹ wá wo iṣẹ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́: èmi ni mo ń kun ẹranko lóorun nílé ìwòsàn ẹranko, tí mo sì ń ṣọ́ èémí wọn títí dókítà á fi ṣe tán. Dókítà ọ̀hún náà, Jẹ́jẹ́ là ń pè é. Ẹ̀yin náà ti mọ ìdí.

Ajá tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, ti ìyá mi ni. Kò-Kàn-Yín lorúkọ rẹ̀. Ìyá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ará ilé kejì tó ń bi wọ́n pé kí ni ìyá arúgbó ń fi ajá ṣe. Etí ìyá mi ti di pátápátá. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, ajá yẹn ló máa ń gbé etí sókè, á wá wo ojú ìyá mi, ìyá mi á ní, "Ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà." Láìsí i, àfi kí n kó ìyá mi kúrò nílé wọn wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ikú yá jùyẹn lọ. Wọ́n ní, "Ariwo tìẹ ti pọ̀ jù, àní fún adití."

Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé ọ̀rá oúnjẹ kọjá nínú àyà ajá náà ló ń jò. Omi funfun bíi wàrà kún ibẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ò ráyè fẹ̀. A fa omi náà títí, ó ń padà wá. Ó kù ká wá iṣan náà rí, ká fi kílíìpù dí i. Jẹ́jẹ́ kì í la àyà. Ihò kéékèèké ló ń lu sáàárín egungun ìhà, á ti kámẹ́rà wọlé. Ó fún ajá lábẹ́rẹ́ aró kan lẹ́yìn orúnkún. Bí iná àrà ọ̀tọ̀ tó wà lára kámẹ́rà bá kan aró náà níbi tó bá ṣàn dé, á tàn ní àwọ̀ ewé lójú tẹlifísàn wa.

Ó tàn lóòótọ́. Jẹ́jẹ́ fi kílíìpù dí i.

Mo ní, "Ó ti parí, àbí? Ẹ jẹ́ ká rán an."

"Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá ó ní ẹ̀ka." Ó tún fún un ní aró díẹ̀. "Ẹ bá mi paná, kó lè hàn dáadáa."

Bí ẹ̀ka kan bá ṣẹ́kù, omi á padà, ara ajá náà ò sì ní gba abẹ mìíràn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Súìsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo paná.

Gíláàsì wà lára ilẹ̀kùn, ìyá mi sì jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀kánkán rẹ̀, okùn ọrùn ajá lórí itan wọn. Bí iná ṣe kú, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n wò títí. Wọ́n wá ká okùn náà jẹ́jẹ́, wọ́n fi sínú báàgì, wọ́n dìde.

Ojú ni ìyá mi fi ń gbọ́ràn. Ohun tí ojú sọ fún wọn ni pé iṣẹ́ ti tán, ajá ti kú.

"Ìyá mi ń lọ," mo ní.

"Ẹ pè wọ́n," ni nọ́ọ̀sì tó di kámẹ́rà mú wí.

"Ẹni tí ò gbọ́ ààrá, ṣé ohùn tèmi ni wọ́n máa gbọ́?"

Ọwọ́ mi kan ń tẹ àpò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ajá lọ́fun, n ò lè kúrò. Ọwọ́ kejì ti dé ara súìsì. Bí mo bá tanná, ìmọ́lẹ̀ á kọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi á yíjú padà. Ṣùgbọ́n aró ń ṣàn lọ́wọ́. Bó bá gba ibẹ̀ kọjá nínú ìmọ́lẹ̀, a lè má rí i.

"Díẹ̀ sí i," Jẹ́jẹ́ ní.

"Díẹ̀ tiyín kì í tán."

Inú ń bí mi sí Jẹ́jẹ́, ó ń bí mi sí ìyá mi, ó ń bí mi sí ajá pàápàá. Ẹsẹ̀ mi ò dúró lójú kan. Ìyá mi dé igun, wọ́n yà, n ò rí wọn mọ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò lára súìsì.

"Òun nìyẹn," Jẹ́jẹ́ ní. Fọ́nrán kan tó tín-ín-rín bí irun yọ lẹ́yìn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Ó dí i pa.

Nígbà tí a rán an tán, tí ajá ń mí fúnra rẹ̀, mo sáré jáde tìbọ̀wọ́-tìbọ̀wọ́. Ìyá mi wà ní ibùdókọ̀, báàgì lórí itan, ojú wọn gbẹ.

"Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan," wọ́n ní. "Mo rí i nígbà tí ẹ paná. Ajá dáadáa ni."

Mo mi orí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo dijú: ó ń sùn ni.

"Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe nígbà tí bàbá rẹ kú."

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ padà, wọ́n ń bá mi jà bọ̀ lọ́nà. Ajá náà nà gbalaja, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, rọ́bà tí omi ń gbà jáde wà níhà rẹ̀. Ìyá mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Jẹ́jẹ́ fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kanlẹ̀kùn bó ṣe máa ń kàn án, díẹ̀ ló kù kí èmi gan-an má gbọ́. Etí Kò-Kàn-Yín mira. Ó la ojú kan, ó ń wá ojú ìyá mi kiri títí ó fi rí i.

Ìyá mi yọ okùn ọrùn ajá kúrò nínú báàgì.

"Ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà," wọ́n ní. "Lọ ṣílẹ̀kùn. Kí lo wá ń sunkún sí?"