Ọdún tí Màmá Bá Wa Ṣe Lórí Òkè

Láti ìgbà tí mo ti di baálé ilé, ọdún àkọ́kọ́ tí èmi àti ìyá mi jọ ṣe pọ̀, èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi bà á jẹ́.

Mo ti kọ́ yàrá kan fún un nígbà náà ní ìsàlẹ̀ ilé mi, kí ó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì kan irin mọ́ ògiri níbi tí yóò ti máa di nǹkan mú. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Màmá. Ó ń dá gbé inú yàrá kan tó háyà, nínú ilé tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ wà níta, ó sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nídìí ẹ̀rọ náà lọ́dún yẹn. Ìgbàkígbà tí mo bá ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, èsì kan náà ló máa ń fún mi: "A óò rí i." Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbọ́ "A óò rí i."

Ìyàwó mi ló dá a lábàá pé kí a mú un lọ síbi tó tutù nígbà ìsinmi ọdún, kí ara tù ú, kí n wá fara balẹ̀ bá a sọ ọ́ níbẹ̀.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó wí. "Bàbá Lọ́yà, bí ẹni ń wọn ilẹ̀ lẹ ṣe máa ń bá ìyá yín sọ̀rọ̀. Ẹ rọra."

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo ń ṣe lóòótọ́. Lọ́yà sì ni a ń pe ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, ẹni ọdún méjìlá, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í gbèjà ẹnìkan nínú rẹ̀.

Ilé tí a lọ kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, òun nìkan ń gbé inú yàrá kan, ó sì ń fi yàrá mẹ́ta yòókù gba àlejò. Orí tábìlì kan náà ni gbogbo ilé ti ń jẹun. Òkè tí ilé náà wà lórí rẹ̀ ga débi pé tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni kùrukùru máa ń dúró sí bí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn.

A ò tíì já ẹrù tán tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé náà yíká.

"Ta ló ń bá yín tọ́jú ilé tó tóbi tó báyìí?"

"Ọmọbìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ ti lọ ṣọdún nílé wọn," agbẹ̀bí dáhùn. "Ó wá ku èmi àti orúnkún mi, orúnkún náà sì ń bá mi jà."

"Tèmi náà ń jà. Mi ò kàn dá a lóhùn ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níhìn-ín pé ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni Màmá fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nù. Òun nìkan ló tọ́ mi. Mi ò gbàgbé nǹkan kan nínú ìgbà yẹn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló máa ń jáde. Bàtà rọ́bà kan ló wọ̀ fún ọdún mẹ́fà. Èyí tọ̀tún là níwájú, ó sì fi okùn dì í. Oògùn tí wọ́n fi ń fọlẹ̀ máa ń bó o lọ́wọ́, èmi ni mo máa ń fi òróró pa á fún un lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ǹtì fún àwọn bíríkìlà lọ́sàn-án, mo sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ọdún méje ni mo fi lọ. Èékánná mi kì í mọ́, mo sì máa ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ tábìlì tí olùkọ́ bá ń kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń sọ fún ara mi ní gbogbo ọdún yẹn: lọ́jọ́ tí mo bá rí já jẹ, ìyá mi ò ní kúnlẹ̀ nu ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn Màmá nínú ilé ìdáná. Ó ń fọ abọ́, agbẹ̀bí jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwòsàn àtijọ́. Agbẹ̀bí ń sọ pé ẹni tó bá nu yàrá ìbímọ mọ́ dáadáa, òun náà gbẹ̀bí. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá ti mọ ibi tí gbogbo ìkòkò wà. Mo fi ẹ̀dùn ọkàn sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ó wí. "Ṣé ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni?"

Lọ́yà dá sí i. "Bàbá, ẹni tó ń sinmi ló mọ bóun ṣe ń sinmi."

"Ta ló gbà ọ́ sí ẹjọ́ yìí?"

"Màmá Àgbà ni. Ọ̀fẹ́ ni mo ń bá wọn ṣe é."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ọdún gan-an ni nǹkan bàjẹ́. Ìdílé mìíràn wà nínú ilé náà, ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀. Gbogbo wa ti jókòó láti jẹun àárọ̀, a ti wọ aṣọ tuntun. Màmá wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó káṣọ dé orúnkún, àkísà tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyá, ẹ bá mi kó abọ́ yìí. Kẹ́ ẹ tún bá wa mú omi gbígbóná sí i."

"Ó ń bọ̀," ni Màmá wí. Ó mú abọ́ náà. Kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ tó fi hàn pé ó dùn ún.

Èmi ni ó dùn. Mo dìde.

"Ìyá mi nìyẹn," mo wí fún ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé..."

N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ìbá dára kí n kọjú ìjà sí i. Màmá ni mo kọjú sí.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe báyìí? Gbogbo sìmẹ́ǹtì tí mo pò, gbogbo ìwé tí mo kà, torí kẹ́ ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí ni. Mo mú yín wá síbi tẹ́ ẹ ti máa jẹ́ èèyàn, ẹ tún sọ ara yín di ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ ń dójú tì mí."

Agbẹ̀bí gbé kẹ́tùrù kalẹ̀. Màmá rọra dá abọ́ náà padà síwájú ọkùnrin yẹn, ó tú aṣọ tó ká, ó sì jókòó sórí àga tó ṣófo.

"Ó dáa," ó wí. "Mo ti jókòó."

Ó sì jókòó lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù fún wa níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Tí a bá ní kó jẹun, á jẹun. Nígbà tí agbẹ̀bí pè é sí ilé ìdáná, ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi ní kí n sinmi." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìbá ṣe pé yẹ̀yẹ́ ni, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa lọ, mo gbé àga tì í, mo sì sọ ohun tó gbé wa wá. Mo sọ nípa fèrèsé, balùwẹ̀ àti irin ara ògiri. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ta ni yóò máa gbá yàrá náà?"

"A ní ẹni tó ń gbálẹ̀, Màmá. Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan." Mo rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ni mo sọ.

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Ó kọjú sí mi.

"O máa ń ka ìyà tí mo jẹ. Mo máa ń gbọ́ tí o bá ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Bàtà rọ́bà, okùn, aago mẹ́rin ààbọ̀. O ò purọ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo lọ ṣe níbẹ̀, ọmọ mi, kì í ṣe ìyà ni mo lọ jẹ. Dókítà ńlá á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ mi á fi gbẹ. O ò ka ìyẹn."

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"O ò bi mí."

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ara mi ò kàn gbé e. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ ṣáà máa rò ó," bí ẹni pé òun ló ní nǹkan láti rò.

A dá a padà sí yàrá rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó pè mí lórí fóònù pé ọmọbìnrin tó ń bá agbẹ̀bí ṣiṣẹ́ ti lọ́kọ, kò sì ní padà wá mọ́. Agbẹ̀bí ní kí Màmá wá bá òun gbé kí àwọn jọ máa tọ́jú ilé náà.

"Kí lẹ wá sọ, Màmá?"

"Mo ní mo ń bọ̀."

Ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta bẹ̀ ẹ́ fún, ìpè kan ṣoṣo ni agbẹ̀bí fi rí i gbà. Èmi ni mo gbé ẹrù Màmá lọ: àpò méjì àti ìkòkò kan. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, orí òkè ló ń wò.

Nígbà tí ọdún tún yí po, a kọ̀wé gba yàrá níbẹ̀ bí àlejò yòókù. Ìta la ti bá a, òun àti agbẹ̀bí, wọ́n ń bó ọ̀dùnkún, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tí èèpo tirẹ̀ nípọn jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ti kún. Lọ́yà sáré kọjá lára mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Àgbà." Ó ti mú ọ̀bẹ, ó ti jókòó tì wọ́n.

Mo dúró pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Ó wá yé mi pé, láàárọ̀ ọjọ́ ọdún tó kọjá, gbólóhùn yẹn nìkan ni ìyá mi ń fẹ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," mo wí.

"Oò," ó dá mi lóhùn, bí ẹni ń dá ẹni tó ń kọjá lọ lóhùn. Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sínú ilé. "Ìkejì lápá ọ̀tún ni yàrá yín. Mo ti tọ́jú ẹ̀."

Mo gbé ẹrù wọlé. Ó tẹ́ ibùsùn náà gúnrégé, kò sí ibì kan tó hunjọ. Mo gbé àpò sílẹ̀, mo sì wà lórí ìdúró bíi dókítà ńlá yẹn, kí n má baà ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́.