Àrọ̀ Tí Gàní Kò Fẹ́

Nígbà tí ọ̀nà Òkè-Oyì ṣì ń rú eruku, lọ́dún tí ẹja òkú Èkó gbówó lórí ní Ìlọrin, Gàní tọrọ àkùrọ̀ lọ́wọ́ Àmínù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbẹ́ adágún ẹja síbẹ̀.

"Mo yá ẹ di ìgbà ọyẹ́," ni Àmínù wí. "Bí ẹja rẹ kò bá tó sè lọ́bẹ̀, ìrẹsì ni n ó gbìn síbẹ̀."

Gàní kó ọmọ ẹpìyà sómi, nítorí pé ẹpìyà ń bímọ bí ẹni da ọkà. Ta ni kò mọ̀ pé ìbísí ni àlùbáríkà ohun ọ̀sìn? Ṣùgbọ́n Àbdùlkàrímù, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó ń gun alùpùpù wá láti GRA, mi orí.

"Àáfà Gàní, bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn ò ní tóbi mọ́. Ẹ fi ẹja àrọ̀ díẹ̀ sí i, kó máa jẹ àwọn ọmọ wọn."

Gàní lanu. "Ọ̀gá, ẹ ní kí n sin àgùntàn, ẹ tún ní kí n mú ìkookò wọ agbo?"

"Ìkookò yẹn gan-an ni yóò jẹ́ kí àgùntàn sanra."

Ọ̀rọ̀ yìí rú Gàní lójú. Màsúdát ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àíṣà, ẹ ṣe bí ọ̀gá ṣe wí." Gàní kò pinnu títí di àárọ̀ ọjọ́ kan, tó rí abo ẹpìyà kan tó la ẹnu, tí àwọn ọmọ rẹ̀ rọ́ wọ ibẹ̀, tó sì pa ẹnu dé.

"Màsúdát! Wàlláhì, ẹja yìí ń jẹ ọmọ ara rẹ̀! Kí ni mo tún ń fi àrọ̀ ṣe?"

Bó ṣe pa àrọ̀ tì nìyẹn.

Ọyẹ́ dé. Àmínù dé, Àbdùlkàrímù náà dé. Wọ́n wọ́ àwọ̀n. Ẹja kún un fọ́fọ́, kò sì sí èyí tó ju ìka ọwọ́ lọ.

"Gàní, egungun wo ni n ó yọ, ẹran wo ni n ó jẹ níbí?" ni Àmínù bi í.

Gàní kọjú sí òṣìṣẹ́. "Ojú mi ni ìyá wọn ṣe ń jẹ wọ́n!"

Àbdùlkàrímù fẹ́ rẹ́rìn-ín; ó rí ojú Gàní, ó gbé e mì. "Kò jẹ wọ́n, Àáfà. Ẹnu ló ń fi wọ́n pamọ́ sí. Bí ewu bá lọ, yóò tu wọ́n síta."

Èyí tó dà bí apani ló ń gbani. Àrọ̀ tí wọ́n ní kó máa pa ọmọ ẹja ni ì bá tún agbo ṣe. Orí Gàní dàrú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi lọ́dún kan sí i. N ó fi àrọ̀ sí i."

"N kò bínú sí ẹ, Gàní. Àdéhùn la jọ ṣe. Ìrẹsì kò lẹ́nu tó ń kó ọmọ pamọ́ sí."

Àmínù gbé ọkọ́ láti la bèbè adágún. Gàní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tó mọ ọ́n là á."

Omi ya lọ sódò, ẹja wẹ́wẹ́ ń bá a lọ ní ọgọ́ọgọ́rùn-ún. Gàní dúró nínú ẹrẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò mọ̀ bóyá kóun kó wọn ni, tàbí kóun jẹ́ kí wọ́n máa lọ.