Ohun Tó Pẹ́ Nínú Ọ̀pá

Wẹ́dà ò kan ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ló fi gbá a, ilẹ̀kùn náà já kúrò lójú ìkọ́, gíláàsì ara rẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ yàrá àyẹ̀wò. Irin gígùn kan láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń jó irin wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àpò ọ̀rá kan wà lósì. Ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Dókítà Ìgò!" Orúkọ tó fi ń ṣe àbúrò rẹ̀ obìnrin ní yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí yẹ̀yẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yìí. "Bàbá wà ní mọ́ṣúárì, ìwọ jókòó síbí, ò ń fọ ìgò!"

Láàárọ̀ àná ni bàbá wọn kú. Ó ní inú ń run òun, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì di òkú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ohun méjì péré ló mu kó tó ṣẹlẹ̀: tíì tí ìyàwó rẹ̀ pò fún un, àti omi ọsàn tí Wẹ́dà fọwọ́ ara rẹ̀ fún, tó gbé wá nínú ìgò. Ìyàwó náà kọ́ ló bí wọn. Àǹtí ni wọ́n ń pè é, Wẹ́dà sì ti kórìíra rẹ̀ láti ọjọ́ tí Bàbá ti mú un wọlé.

"Obìnrin yẹn ló pa á." Wẹ́dà da ohun tó wà nínú àpò sórí tábìlì. "Fúláàsì tíì rẹ̀ nìyí. Ìgò tèmi náà nìyí. Tèmi ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe ojúsàájú. Tó o bá ti wá rí nǹkan nínú tiẹ̀, màá pa á."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá."

"Èmi ni ọlọ́pàá."

Dókítà Ìgò náà fẹ́ mọ ohun tó pa á. Bàbá òun náà ṣáà ni. Ó gba ìgò.

Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò yẹn ni láti wo ẹ̀fọ́ àti èso bóyá oògùn apakòkòrò kù sí wọn lára, ẹ̀rọ kan ló sì ń ṣe é. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ta ẹ̀kán díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu, pọ́ńpù á fi agbára tì í gba inú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ki ìyẹ̀fun kún. Ìyẹ̀fun yẹn ní nǹkan bí epo lára. Ohun tó bá fẹ́ràn omi ò ní dúró kí i rárá, á kọjá fíò. Ohun tó bá fẹ́ràn epo á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa fà nílẹ̀, ìgbà tó bá wù ú ni yóò jáde. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni ilà tó wà lójú kọ̀ǹpútà ń ga sókè, tó tún ń wálẹ̀. Béèyàn bá gbàgbé nǹkan mìíràn, kò gbọ́dọ̀ gbàgbé èyí: kó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jáde tán kó tó fi òmíràn sí i.

Dókítà Ìgò sẹ́ omi ọsàn náà, ó ta á sẹ́nu ẹ̀rọ. Ilà yọ ṣóńṣó mélòó kan, ohun tó wà nínú ọsàn fúnra rẹ̀ ni. Ó dé ibi tí àwọn oògùn tí wọ́n sábà máa ń rí ti ń jáde, ó kọjá ibẹ̀, kò sí nǹkan kan.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó kù díẹ̀. Àwọn kan máa ń pẹ́."

Wẹ́dà gbé irin sókè, ó fi gbá pẹpẹ ìgò. Odindi pẹpẹ wó lulẹ̀. Ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́rùn aṣọ, ó gbá a mọ́ ògiri, ó sì la irin mọ́ ògiri náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ tí símẹ́ńtì fi ń ta sí i lójú. "O fẹ́ kí obìnrin yẹn sá lọ ni? Àbí ẹ jọ mọ̀ sí i?"

Dókítà Ìgò tẹ bọ́tìnnì. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó mọ̀ pé kò yẹ, ó sì ṣe é.

Tíì ló kàn. Kò tíì pẹ́ tó wọlé tí ilà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò yọ ṣóńṣó o, ńṣe ló rọra wú bí ikùn aboyún.

"Kí nìyẹn?"

"Nǹkan wà nínú eléyìí." Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó. Kò tíì pa ẹnu dé tí Wẹ́dà ti fò jáde.

Dókítà Ìgò jókòó sáàárín àfọ́kù, ó ń sunkún, ojú rẹ̀ wà lára ilà yẹn. Lójijì ni ẹkún náà dá dúró. Ohun tó bá tètè jáde nínú ọ̀pá, tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilà rẹ̀ máa ń rí, kò ráyè fẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ níbẹ̀ ló ń sanra. Eléyìí tètè jáde, ó sì sanra. Kò lè jẹ́ inú tíì ló ti wá. Ó ti wà nínú ọ̀pá kí tíì tó wọlé.

Ó pe Wẹ́dà lórí fóònù. Kò gbé e. Ó fẹ́ sáré lọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi "mo rò pé" dá irin Wẹ́dà dúró? Ó jẹ́ kí pọ́ńpù fọ ọ̀pá, ó tún fi tíì sí i: kò sí nǹkan kan. Ó tún fi omi ọsàn sí i, lọ́tẹ̀ yìí kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ó ń pe fóònù, ó ń gégùn-ún, ó ń dúró. Nígbà tí ohun gbogbo ti jáde tán, ikùn aboyún yẹn yọ.

Àwọn aládùúgbò ti kún iwájú ilé bàbá wọn nígbà tí Dókítà Ìgò dé. Àwọn kan ń pariwo pé apànìyàn ni Àǹtí, kò sí ẹnì kan tó wọlé. Láti ìta ló ti ń gbọ́ bí irin ṣe ń balẹ̀ lára èèyàn.

Àǹtí wà nílẹ̀ pálọ̀. Apá rẹ̀ ti ṣẹ́ níbi tí kò sí oríkèé, eyín rẹ̀ méjì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Dókítà Ìgò wó lé e lórí, irin tó ti ń bọ̀ sì bà á lẹ́yìn. Ó pariwo.

"Tíì ò ní nǹkan kan nínú! Bọ̀dá, omi ọsàn ni!"

Irin dúró lókè. "O ní tèmi ò ní nǹkan kan."

"Mo pa ẹ̀rọ kó tó parí. Tiyín ló pẹ́ nínú ọ̀pá, tó wá jáde nígbà tí mo fi tíì sí i. Mo ti tún un ṣe. Níbo lẹ ti rí ìgò yẹn?"

"Irọ́!" Wẹ́dà gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ yọ.

"Bọ̀dá mi, níbo lẹ ti rí ìgò yẹn?"

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni." Ohùn Wẹ́dà ti ń lọ sílẹ̀. "Oògùn ikán ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa! Mo rọ omi sí i, mo dà á nù, mo tún rọ omi sí i."

Àbúrò rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ohun tó kórìíra omi, tó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tí kò fẹ́ jáde, omi wo ló máa fọ̀ ọ́ kúrò lára ìgò? Wẹ́dà rí ìdáhùn náà lójú rẹ̀. Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá a, gbà, gbà, títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó lójú.

Àǹtí ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wú, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní láti bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́.

"Bàbá yín ní òun ti yó," ló sọ fún Wẹ́dà. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mu ún tán. Mo ní ọwọ́ rẹ lo fi fún omi ọsàn náà, pé inú rẹ á bàjẹ́ tó bá ṣẹ́ kù."